Ọjọ́ orí là ń bú, ojú ló ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ eléré orienteering kan tó ń wọ 45

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí sílẹ̀, torí mo ṣe àṣìṣe nínú ẹ̀, àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èèyàn kúrò nídìí eré tó fẹ́ràn jù láyé. Kóòṣì orienteering ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó kàn gbà kí n kọ ọ́ bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ ẹ̀. Òyìnbó ni, apá àríwá England níbí ló ń gbé, orúkọ ẹ̀ gan-an ló fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa pè é, àmọ́ ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ẹnu mi ò sì gbà á, torí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo máa pè é níbí.

Fún ẹni tí kò bá mọ orienteering, Sweden àti Norway leré yẹn ti wá, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ sì wáyé ní Finland lọ́dún 1966. Wọ́n á gbé máàpù àti kọ́ńpáàsì lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọgbó lọ, kò sẹ́ni tó máa júwe ọ̀nà fún yín. Asíá kéékèèké aláwọ̀ ọsàn àti funfun ni wọ́n gbé sínú igbó káàkiri, kọntiróòlù là ń pè é, ẹ ó máa wá wọn níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò ó, ẹni tí àkókò ẹ̀ bá kéré jù ló jẹ. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ tí kò lórí á sáré dé Ìbàdàn nígbà tí kọntiróòlù wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá lórí tí kò lẹ́sẹ̀, àwọn tó bá a wọgbó á ti jẹun tán kó tó jáde. Wọ́n sì máa ń pín wa ní ọjọ́ orí: M21 ni ti àwọn ọkùnrin tó wà lójú ọpọ́n, láti 35 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn ní àgbà, lẹ́yìn náà M40, M45, ọdún márùn-ún márùn-ún títí dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tó ti lé ní 80 tí wọ́n ṣì ń wọgbó.

Ẹ̀gbọ́n sá M21 dáadáa nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún ó lé, ó fi sílẹ̀ nígbà táwọn ọmọ dé, ó padà wá nígbà tó ń lọ sí 39. Nígbà tó wọ M40, ṣe ló ń dá wọn lára, bí wọ́n bá ti ka èsì ní agbègbè wa, àárín ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ máa bá orúkọ ẹ̀. Àfi bó ṣe kọjá 42 tí nǹkan dàrú. Láàárín ọdún méjì ó dẹni tí à ń wá orúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Ìgbà tó wá bá mi, oṣù kọkànlá ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eré kan ní Lake District, ibi ìgbọ́kọ̀sí la dúró sí, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ ẹ̀ dé orúnkún, ló bá ní, "Ọjọ́ orí ti dé nìyẹn, àbí? Màá kúkú máa po tíì fún àwọn tó ń sá." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ojú. Ó ní kí n bá òun múra ẹ̀ẹ̀kan sí i fún JK ọdún tó ń bọ̀, pé bí kò bá bọ́ sí i, òun máa fi sílẹ̀.

JK yìí, ayẹyẹ eré náà tó tóbi jù ní Britain ni, ìgbà ọdún Àjíǹde ni wọ́n máa ń ṣe é, àtọdún 1967. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Jan Kjellström, ọmọ Sweden kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé eré náà dúró níbí kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́dún náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin ni: Friday eré kúkurú ojú títì, tí wọ́n ń pè ní sprint, Saturday eré alábọ́ọ́dé, Sunday eré gígùn, Monday ti ẹgbẹ́. Àti January yẹn ni Ẹ̀gbọ́n máa wọ M45, òun ló máa kéré jù láàárín wọn, èmi náà sì ń wò ó pé oríire lèyí, ẹni tó kéré jù nínú àwọn àgbà ló yẹ kó máa gbá wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ ni mo rò. Gbogbo wa la máa ń rò pé ẹsẹ̀ ni. Agbára tí ara fi ń lo atẹ́gùn, VO2max táwọn onímọ̀ ń pè é, látìgbà tí èèyàn bá ti lé ní 30 ló ti ń já wálẹ̀, fún ẹni tó kàn jókòó sílé ó lè tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá, tẹni tó ń sáré déédéé á rọra ju ìyẹn lọ. Ẹ tún kà á: ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n já bọ́ láàárín ọdún méjì. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura, ẹsẹ̀ kì í já bọ́ báyẹn bí àìsàn tàbí èṣe ò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ orí ẹsẹ̀ dà bí ìgbà tí omi ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò, kì í ṣe ìgbà tí ìkòkò fọ́.

Àti pé eré yìí gan-an, àwọn tó gba góòlù lẹ́yìn 35 pọ̀ nínú ẹ̀. Simone Niggli, ọmọ Switzerland tó gba góòlù àgbáyé 23, ọmọ 35 ló wà lọ́dún 2013 nígbà tó gba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Finland, ìyá ọmọ mẹ́ta sì ni. Thierry Gueorgiou, ọmọ Faransé, ọmọ 36 ló wà nígbà tó gba ti eré gígùn ní Scotland lọ́dún 2015. Kì í ṣe pé ọmọdé ò lè gbà á o, Kasper Fosser ọmọ Norway gba eré gígùn yẹn ní 2021, ọmọ 22 péré. Ohun tí mò ń sọ ni pé ààlà ẹ̀ gbòòrò, torí orí tó ti wọgbó fún ogún ọdún máa ń san gbèsè tí ẹsẹ̀ bá jẹ. Mo mọ gbogbo èyí o, mo tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún èèyàn. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni mo gbá mú.

Ni mo bá kọ tíréènìn fún un: sísá gòkè lálá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, eré gígùn lọ́jọ́ Sunday, nǹkan tí mo máa ń fún àwọn ọmọ 25. Ó ṣe gbogbo ẹ̀, èèyàn tó gbọ́ràn ni. Nígbà tó fi máa di ìparí January, ó ti sá parkrun, eré kìlómítà márùn-ún tí wọ́n ń sá nínú ọgbà ìgbafẹ́, lọ́nà tó yára ju ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, inú mi dùn, mo ń fọ́nnu káàkiri. Ó wá wọgbó lọ́jọ́ kejì, ibi tó máa ń wà náà ló wà. Ẹsẹ̀ yá, èsì ò yá. Mo ní bóyá ó ṣì kù díẹ̀. Mo tún fi kún un.

Oṣù kejì ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹ̀ já. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tẹ́nì kan sọ òkúta lu òun lẹ́yìn, òun tiẹ̀ yíjú wò ó. Ẹni tó bá ti ń kọ́ àwọn tó lé ní 40 mọ ọ̀rọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó. Èmi ni mo fà á, mi ò ní dá a lẹ́bi: iṣan ọmọ 44 náà máa ń gba iṣẹ́ líle, àmọ́ àkókò tó máa fi tún ara ẹ̀ ṣe gùn ju ti ọmọ 25 lọ, mo sì ti gba àkókò yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Jíjókòó yẹn ló ṣe wá lóore kan ṣá. Nígbà tí kò lè sáré, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn eré ẹ̀ àtẹ̀yìnwá lórí kọ̀ǹpútà, ibi tí aago ọwọ́ ẹ̀ fi ìlà ọ̀nà tó gbà sí lórí máàpù. Láti kọntiróòlù kan sí ìkejì, ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń sá bí ẹni àtijọ́. Àárín náà dáa. Tó bá wá ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà kó débẹ̀, ìlà yẹn á di wúruwùru, á yí ká, á padà sẹ́yìn, á tún yí ká, bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣẹ́jú ń lọ. Kì í ṣe ojú ọ̀nà, etí kọntiróòlù ni.

Àmọ́ mo tún sọ ọ́ ní àsọdànù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sáré ju orí yín lọ." Kóòṣì tó bá wà níbí á mọ ọgbọ́n iná tráfíìkì tí à ń kọ́ àwọn ọmọdé: àwọ̀ ewé, sá tọ ojú ọ̀nà, àwọ̀ ọsàn, rọra, pupa, fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó o ka máàpù. Ohun tí mo ní kó lọ ṣe ní JK nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti san tó láti sá, kò tíì san tó láti jà.

Friday, eré ojú títì, kò dáa, a ò sì retí kó dáa. Saturday, inú igbó igi páìnì tó kì bí irun àgùntàn, ó rọra, ó rìn ní etí kọntiróòlù bí mo ṣe wí, ó sì ṣìnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló sọnù ní kọntiróòlù keje nìkan, ó rin ẹ̀yìn asíá yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Sunday wá dé, orí òkè tó tẹ́jú gbalaja, kò sí igi, oòrùn ń ràn. Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí sá eré tí mi ò rí irú ẹ̀ látọdọ̀ ẹ̀ rí, àṣìṣe kan ṣoṣo, ipò kẹfà! Àwa méjèèjì dúró, a ń wo ara wa. Èèyàn kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, orí kan náà, ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn. Òun ní orí ló bá òun ṣe é. Mi ò lésì.

Alẹ́ Monday, kí kálukú tó máa lọ, ìyàwó ẹ̀ pè wá lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará India kan. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, àbẹ́là ni wọ́n tàn sórí tábìlì. Wọ́n gbé ménù wá. Kí Ẹ̀gbọ́n tó mú tiẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ti ń kà á fún un, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ pé ó bi í, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Hà, kò ríran ka ménù mọ́ níbi tí iná ò bá pọ̀ sí, ó ti tó ọdún méjì."

Ọdún méjì.

Mo gbé ife omi sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe láti Monday dé Friday o, ẹ má gbàgbé. Mo ti rí ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó na ìwé egbòogi jìnnà sójú kí wọ́n tó kà á. Bàbá mi gan-an l'Óṣogbo, apá ẹ̀ ló fi ń ka ìwé ìròyìn, bí apá ò bá gùn mọ́ á gbé e lé tábìlì á jókòó sẹ́yìn. Àwọn èèyàn wa ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé àgbà yẹn á rí ohun tó wà lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a nílé. Máàpù Saturday ni mo mú dání. Nínú pálọ̀, iná tàn, ó jókòó, ó ka gbogbo ẹ̀ fún mi láìṣì ọ̀kan. Mo wá paná pálọ̀, mo fi ti kọ́rídọ̀ sílẹ̀, mo ní kó dìde kó máa sáré lójú kan bó ṣe ń kà á. Nǹkan yí padà. Lórí máàpù wa, àmì róbótó kín-ń-kín aláwọ̀ búráùn ni gegele kékeré, àmì róbótó kín-ń-kín dúdú ni òkúta. Nínú òkùnkùn díẹ̀ yẹn, méjèèjì ti di ọ̀kan lójú ẹ̀. Ibi kọntiróòlù keje, gegele ló wà níbẹ̀, òkúta ló ń wá kiri. Kòtò kékeré tí wọ́n ya bí àwo, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ìlà kọ́ntọ̀ tó ń fi hàn bí ilẹ̀ ṣe ga, 0.14 mílímítà ni nípọn lórí máàpù tí wọn ò tẹ̀ tóbi. Ẹ lọ wọn ìyẹn wò.

Ìdí ẹ̀ rèé. Lẹ́ǹsì inú ojú máa ń le bọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, láti 40 sí 45 sì lọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára, kò lè ká ara ẹ̀ mọ́ láti wo nǹkan tó wà nítòsí. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ọmọlójú, ihò dúdú àárín ojú, á sún kì, ìyẹn á sì ṣèrànwọ́, èèyàn á rò pé kò sí nǹkan kan. Tó bá wọ abẹ́ igi, ọmọlójú á là gbàràgàdà, ìrànwọ́ yẹn á lọ. Ẹ wá fi òógùn kún un, òjò lórí ọ̀rá máàpù, ọwọ́ tó ń mì torí à ń sáré. Kò sì ní mọ̀ pé òun ò ríran, torí igi tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà ń hàn kedere, ọkọ̀ ló ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ń ṣìnà. Ẹni tó bá ń ṣìnà ní 44, kí ni wọ́n á sọ fún un?

Kì í ṣe ohun tuntun o. Àwọn tó kọ òfin máàpù fún ẹgbẹ́ àgbáyé ti mọ̀ tipẹ́: máàpù eré gígùn àwọn ọ̀gá, 1:15,000 ni (sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé jẹ́ àádọ́jọ mítà lórí ilẹ̀), àmọ́ wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi sí 1:10,000 fún àwọn tó ti pé 45 sókè, torí àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n ti wà nínú ìṣòro náà látìgbà tó wà ní M40, kí òfin tó gbà á sílẹ̀, àti pé ní Saturday kódà èyí tí wọ́n tẹ̀ tóbi ò tó fún un nínú igbó páìnì.

Títún un ṣe ò rọrùn bí mo ṣe rò. Gíláàsì ìkàwé olówó pọ́ọ́kú la kọ́kọ́ rà, máàpù hàn gedegbe, ilẹ̀ ò wá hàn mọ́, gbòǹgbò igi kan gbé e ṣubú kó tó sá tó igba mítà, òógùn sì bo gíláàsì. Èyí tó ní lẹ́ǹsì ìkàwé kékeré nísàlẹ̀ nìkan sàn jù, àmọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ibi ìsàlẹ̀ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ gbà wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní ó ń dẹ́rù ba òun. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ fún un ni kọ́ńpáàsì àtàǹpàkò tó ní awò róbótó tó ń sọ nǹkan di ńlá lára, á gbé e sókè, á wò ó, á sọ ọ́ kalẹ̀. Mo mọ ẹlòmíì tí gíláàsì yẹn ló bá a lára mu, tí kò lè fojú kan awò yẹn. Kálukú ló gbọ́dọ̀ dán an wò, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdíje ló kọ́kọ́ lò ó.

Èyí tó wù mí jù kò tiẹ̀ náwó. A yí ibi tó ti ń ka máàpù padà. Tẹ́lẹ̀, etí kọntiróòlù ló máa ń ka kúlẹ̀kúlẹ̀, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣókùnkùn jù. Ní báyìí ojú ọ̀nà tó mọ́lẹ̀, tàbí ibi tí igi ti là díẹ̀, ibẹ̀ lá ti kà á tán, á há a sórí: gegele, lẹ́yìn àfonífojì kékeré, lápá òsì òkúta. Á wọ òkùnkùn pẹ̀lú àwòrán lórí. Ọgbọ́n àgbà gidi nìyẹn, ọmọ 22 ò nílò ẹ̀ torí ó lè máa wo máàpù nígbàkigbà tó bá fẹ́. Ti tíréènìn, mo fi ọjọ́ mẹ́wàá rọ́pò ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ líle méjì nínú ọjọ́ mẹ́wàá, àti dídìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní ẹ̀bá àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Ẹran ojúgun yẹn ò já mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, kò gba JK o, kẹ́ ẹ má rò pé mo fẹ́ ròyìn góòlù. Eré ojú títì ò gbé e rárá, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń fi ara ẹ̀ hàn lóòótọ́, bíbá kọ́nà yà lójijì, bíbẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, àwọn tó kéré ń já a sílẹ̀, mi ò sì ní oògùn ẹ̀. Àmọ́ nínú igbó, ìlà wúruwùru yẹn ti pòórá. Ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ò yára tó ìgbà tóun wà ní 27, òun sì mọ̀, àmọ́ òun ò sọnù tó ìgbà yẹn náà.

Sí ẹ̀yin kóòṣì bíi tèmi: bí ẹni tó lé ní 40 bá ní òun ti ń rẹ̀yìn, ẹ bi í látìgbà wo. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ lójijì, ẹ wá nǹkan míì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà rí i kẹ́ ẹ tó fi tíréènìn kún un. Ẹ wo ibi tí ìṣẹ́jú ń lọ, ojú ọ̀nà ni àbí etí kọntiróòlù. Ẹ fi igbó ṣíṣú wé orí òkè gbalaja, èmi ní èsì ọdún méjì lọ́wọ́, mi ò fi wọ́n wéra títí ìyàwó ẹ̀ fi ka ménù. Ẹ bá ará ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, wọ́n máa ń rí ohun tí eléré ò ní sọ.

Máàpù 1:15,000 kan ti wà nínú búùtù mọ́tò mi báyìí, ó ti gbó, ó ti ká. Ẹni tó bá lé ní 38 tó ní kí n máa kọ́ òun, abẹ́ igi la máa kọ́kọ́ lọ, màá ní kó sáré lójú kan, kó sọ fún mi èwo ni gegele, èwo ni òkúta. Mi ò kì í wo ìdáhùn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá ẹ̀ ni mò ń wò, bóyá ó ń nà án.